Stack àti rsp nínú assembly x86-64: ret ń gbé ètò mi lọ síbi tí mi ò rán an

onikoodu_tuntun béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. NASM (ètò tó ń sọ assembly di kóòdù ẹ̀rọ) ni mo fi ń kọ assembly lórí Linux 64-bit. Mo kọ function kékeré kan tí mo pè ní aropo: a ó fún un ní àdírẹ́sì àwọn nọ́ńbà nínú rẹ́jísítà rdi (rẹ́jísítà ni àyè kékeré inú CPU tó ń di nọ́ńbà mú) àti iye wọn nínú rsi, yóò sì dá àròpọ̀ wọn padà nínú rax. Ètò náà nìyí:

```
        extern printf
        global main

        section .data
nomba:  dq 10, 20, 30, 40
fmt:    db "%ld", 10, 0

        section .text
aropo:
        push rbx
        xor eax, eax
        test rsi, rsi
        jz .pari
        xor ebx, ebx
.yipo:
        add rax, [rdi+rbx*8]
        inc rbx
        cmp rbx, rsi
        jb .yipo
        pop rbx
.pari:
        ret

main:
        lea rdi, [rel nomba]
        mov rsi, 4
        call aropo
        lea rdi, [rel fmt]
        mov rsi, rax
        xor eax, eax
        call printf wrt ..plt
        xor eax, eax
        ret
```

Àṣẹ tí mo fi kọ́ ọ ni `nasm -f elf64 aropo.asm` àti `gcc aropo.o -o aropo`.

Nǹkan mẹ́ta ló rú mi lójú. Bí rsi bá jẹ́ 4, kọ̀ǹpútà kan ń tẹ 100 jáde bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n lórí èkejì ètò náà ń kú sínú printf pẹ̀lú Segmentation fault. Bí mo bá wá fi 0 sí rsi, orí méjèèjì ló ti ń kú, gdb (ètò tí a fi ń wá àṣìṣe) á sì máa fi `?? ()` hàn mí dípò orúkọ function. Ẹ̀kẹta, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé push ń gbé nǹkan sórí stack. Kí ló wá dé tí rsp ń dín kù nígbà tí mo bá push?

---

baiti_mejo dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè kẹta bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ á rí ti kejì fúnra rẹ̀.

Stack jẹ́ apá kan mẹ́mórì tí ètò ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀. rsp kì í ṣe àpótí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, ìyẹn àdírẹ́sì ibi tí ohun tí a kó sórí stack kẹ́yìn wà. Wọ́n sábà máa ń fi àwo tí a tò léra ṣàlàyé stack. Àlàyé náà tọ̀nà ní ti pé èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ mú. Ìbòmíràn ló ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà: àwo máa ń ga sókè ni, àwo tí a bá sì ti mú kò sí níbẹ̀ mọ́. Nínú mẹ́mórì, kò sí ohun tó ń ṣípò. Ẹ fi í wé ìwé onílà tí gbogbo ìlà rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí ẹ wá fi ìka kan lé ìlà kan. Ìka yẹn ni rsp. Bí ẹ bá fẹ́ push, ẹ ó sún ìka lọ sí ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ fi 8 dín, ẹ ó kọ̀wé síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pop, ẹ ó ka ohun tí ìka wà lórí rẹ̀, ẹ ó sì sún ìka padà. Ẹnikẹ́ni ò pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gorí rẹ̀.

`push rbx` àti àṣẹ méjì yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà:

```
sub rsp, 8
mov [rsp], rbx
```

`pop rbx` náà rèé:

```
mov rbx, [rsp]
add rsp, 8
```

Ìyàtọ̀ kan ló wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: sub àti add ń yí flags (àmì tí CPU fi ń rántí èsì ìṣirò, tí jz àti jb ń wò) padà, push àti pop kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe cmp, tí jb ṣì ń bọ̀ níwájú, ẹ má fi add rsp sáàárín wọn.

Ní ti pé rsp ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni Intel ti ṣe é láti orí 8086 ọdún 1978. Wọ́n fi kóòdù àti dátà sí apá ìsàlẹ̀ mẹ́mórì, wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ stack sí apá òkè, àlàfo wá wà láàárín. Èyí tó bá nílò àyè nínú àwọn méjèèjì á mú lára àlàfo náà, kò sí ìdí láti pín in tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní "orí stack", àdírẹ́sì tó kéré jù nínú rẹ̀ ló ń sọ.

Ó wá ku call àti ret. call ń push àdírẹ́sì àṣẹ tó tẹ̀ lé e, ó sì ń fò lọ sínú function. ret ń pop báìtì 8 tó wà ní [rsp] sínú rip (rẹ́jísítà tó ń di àdírẹ́sì àṣẹ tí CPU máa ṣe tẹ̀ lé e mú), ó parí. Kò bi í bóyá àdírẹ́sì ìpadà ni tàbí nǹkan mìíràn. Ibi tí rsp bá tọ́ka sí nìkan ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rsp nínú ètò yín. Ká ní 0x7fffffffe0a8 ló wà nínú rẹ̀ bí main ṣe bẹ̀rẹ̀ (libc, àkójọ function C tí printf wà nínú rẹ̀, ló pe main):

```
                      rsp              [rsp]
main bẹ̀rẹ̀             7fffffffe0a8     ìpadà sínú libc
call aropo            7fffffffe0a0     ìpadà sínú main
push rbx              7fffffffe098     rbx àtijọ́
pop rbx               7fffffffe0a0     ìpadà sínú main
ret                   7fffffffe0a8     ìpadà sínú libc
```

Bí rsi bá jẹ́ 0, `jz .pari` á fo pop rbx kọjá. rsp á ṣì wà ní e098 nígbà tí ret bá dé, ret á sì gbé rbx àtijọ́ sínú rip. Ibi tí nọ́ńbà yẹn bá bọ́ sí ni CPU ń lọ, ìdí sì nìyẹn tí gdb kò fi mọ orúkọ ibẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí ẹ gbé lébẹ́ẹ̀lì sókè ní ìlà kan:

```
.pari:
        pop rbx
        ret
```

Gbogbo ọ̀nà tó bá já sí ret gbọ́dọ̀ ti dá rsp padà sí iye tó wà nígbà tí function bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ètò bá gùn, ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wáyé jù ni ọ̀nà àbùjá tí a là fún àṣìṣe inú dátà, torí a kì í sábà dán àwọn ọ̀nà yẹn wò. Mo fara mọ́ ọn kí function kọ̀ọ̀kan ní ret kan péré, kí gbogbo jz àti jc máa fò wá síbẹ̀.

---

ilopo16 dáhùn:

Ohun tí baiti_mejo sọ tọ̀nà. Ti printf jẹ́ àrùn mìíràn, kò kan lébẹ́ẹ̀lì yẹn rárá.

Àdéhùn System V AMD64 ni Linux ń tẹ̀ lé. Ó ní rsp gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 16 kí a tó ṣe call. call fúnra rẹ̀ á wá yọ 8 kúrò. Nítorí náà, bí function èyíkéyìí bá ṣe bẹ̀rẹ̀, main náà wà lára wọn, rsp á máa parí sí 8 tí a bá kọ ọ́ ní hexadecimal. Ẹ wo 7fffffffe0a8 tó wà lókè yẹn. Nínú main yín, ẹ ò fọwọ́ kan rsp kí ẹ tó pe printf, 8 yẹn ló sì bá wọ inú call.

Kọ́ńpáìlà tó kọ́ libc gbà pé a ti pa àdéhùn mọ́, nítorí náà ó ń lo movaps láti kọ báìtì 16 sórí stack lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. movaps kì í gba àdírẹ́sì tí kì í ṣe ìlọ́po 16. CPU á kọ̀ ọ́, kernel á sì rán SIGSEGV (Segmentation fault yẹn) sí ètò yín. Bí ẹ̀dà libc kan kò bá ní movaps lójú ọ̀nà tí printf yín gbà, ètò á ṣiṣẹ́, àṣìṣe á sì fara pamọ́ síbẹ̀. Ohun tó fa ìyàtọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà yín méjèèjì nìyẹn. Èyí tó tẹ 100 jáde kò sọ pé ètò yín tọ́.

Bó bá ti kú nínú gdb, ẹ tẹ `x/i $pc`. Bí ẹ bá rí movaps tó ń lo rsp tàbí rbp, ẹ má wá nǹkan mìíràn kiri.

Àtúnṣe rẹ̀:

```
main:
        sub rsp, 8
        lea rdi, [rel nomba]
        mov rsi, 4
        call aropo
        lea rdi, [rel fmt]
        mov rsi, rax
        xor eax, eax
        call printf wrt ..plt
        xor eax, eax
        add rsp, 8
        ret
```

Ó dára bí ẹ ṣe rántí `xor eax, eax` kí ẹ tó pe printf. Function tí iye ohun tó ń gbà kò lópin máa ń wo al láti mọ iye rẹ́jísítà xmm tí a lò. Tí ẹ bá yọ ìlà yẹn, 100 ni á wà nínú al, printf á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú xmm0 dé xmm7 sórí stack pẹ̀lú movaps, ètò á sì kú lójú ẹsẹ̀ bí rsp kò bá tò.

---

onikoodu_tuntun:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Méjèèjì ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ variable méjì tí wọ́n jẹ́ báìtì 8 nínú main, mo wá yí `sub rsp, 8` padà sí `sub rsp, 16`, mo yí add náà padà, printf tún kú! 16 kọ́ ni ìlọ́po 16 ni? Ẹ dákun, mo tún rí kóòdù tí gcc kọ tó ń lo `[rsp-8]` láì yọ nǹkan kankan kúrò lára rsp. Ṣé ìyẹn bófin mu?

---

baiti_mejo:

8 tí call ti yọ kí ẹ tó dé ni ẹ gbàgbé. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: 8 ti call, 8 fún push kọ̀ọ̀kan, àti iye tí ẹ yọ pẹ̀lú sub. Àpapọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 16. Tí ẹ kò bá push nǹkan kan, tàbí tí push yín jẹ́ méjì, mẹ́rin, ẹ yọ 8, 24 tàbí 40. Tí push bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí mẹ́ta, ẹ yọ 0, 16, 32. Fún variable méjì láìsí push, `sub rsp, 24` ni. Báìtì 8 kan á ṣòfò, kò burú. Àwọn variable náà á wà ní `[rsp]` àti `[rsp+8]`.

Bí ẹ bá ń push lọ push bọ̀ láàárín function, `[rsp+8]` tòní kì í ṣe tọ̀la mọ́, torí rsp ti sún. Ohun tí rbp wà fún nìyẹn:

```
push rbp
mov rbp, rsp
sub rsp, 32
...
leave
ret
```

Lẹ́yìn ìlà kejì, rbp dúró sójú kan. Variable yín wà ní `[rbp-8]`, `[rbp-16]`, àdírẹ́sì ìpadà wà ní `[rbp+8]`. Bí ohun tí a fún function bá ju mẹ́fà lọ, mẹ́fà àkọ́kọ́ á wà nínú rdi, rsi, rdx, rcx, r8 àti r9, èkeje á sì wà ní `[rbp+16]`. leave ń ṣe `mov rsp, rbp` àti `pop rbp` pọ̀. Kódà bí ẹ bá gbàgbé pop kan láàárín, leave á ṣì dá rsp padà síbi tó yẹ, bí ẹ kò bá ti ba rbp jẹ́.

`[rsp-8]` bófin mu lábẹ́ àdéhùn System V. Báìtì 128 tó wà nísàlẹ̀ rsp ni wọ́n ń pè ní red zone. Kernel kò ní kọ nǹkan síbẹ̀ bí signal bá dé. Ṣùgbọ́n function tí kì í pe function mìíràn nìkan ló lè fọkàn tán an, torí bí ẹ bá ti ṣe call tàbí push, orí ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ gan-an ni á bọ́ sí. Lórí Windows kò sí red zone rárá. Níbẹ̀ pàápàá, ẹni tó ń pe function gbọ́dọ̀ fi báìtì 32 sílẹ̀ fún un lókè àdírẹ́sì ìpadà, rcx, rdx, r8 àti r9 ni wọ́n sì fi ń gbé nǹkan fún un. Ẹ má da kóòdù ibi méjèèjì pọ̀.

---

kenẹ́ẹ̀lì_ati_báìtì:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, torí àwọn àṣìṣe kan wà tí kì í pa ètò lójú ẹsẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń gba àkókò jù.

Bí ẹ bá ṣe `push rbx`, `push r12`, tí ẹ wá ṣe `pop rbx`, `pop r12`, rsp á padà síbi tó yẹ, ret á ṣiṣẹ́, kò ní sí Segmentation fault kankan. Ṣùgbọ́n rbx àti r12 ti gbapò ara wọn. Ẹni tó pè yín gbà pé rbx, rbp àti r12 dé r15 á padà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Inú kóòdù tirẹ̀ ni ìṣòro á ti hàn, bóyá lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ìlà, ẹ ó sì máa wá a kiri níbi tí kò sí.

Lórí 64-bit, `push eax` kò sí; NASM á kọ̀ ọ́. `push ax` wà, ṣùgbọ́n 2 péré ló ń yọ kúrò lára rsp, títò stack ti bàjẹ́ nìyẹn. `push 5` ń gba báìtì 8, bí 5 tilẹ̀ kéré. Bí nọ́ńbà bá ju ohun tí 32-bit tó ní àmì lè gbà lọ, ẹ fi mov gbé e sínú rẹ́jísítà ná, kí ẹ tó push rẹ́jísítà náà.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá kúrò ní main tí ẹ bọ́ sí `_start`. Ẹnikẹ́ni kò fi call pe `_start`, kò sí àdírẹ́sì ìpadà níbẹ̀. Ohun tó wà ní `[rsp]` ni argc, argv[0] wà ní `[rsp+8]`, rsp fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ ìlọ́po 16. Bí ẹ bá ṣe ret, argc á di rip: bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan lẹ́yìn orúkọ ètò, àdírẹ́sì 0x1 ni gdb á fi hàn yín. Ẹ jáde báyìí:

```
mov eax, 60
xor edi, edi
syscall
```

Stack náà ní òpin. `ulimit -s` sábà máa ń sọ 8192 lórí Linux, ìyẹn 8 MiB. Function tó ń pe ara rẹ̀, tó ń lo báìtì 48 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan (8 ti call, 8 ti rbp, 32 ti sub), á dé òpin lẹ́yìn bí ìgbà 174,000. Segmentation fault kan náà ni ẹ ó rí, ṣùgbọ́n orí push tàbí call ló ti máa ń wáyé. Bí gdb bá dúró sórí ọ̀kan nínú wọn, ẹ tẹ `bt`, ẹ ó rí orúkọ function kan náà tó tò lọ bẹẹrẹ.

Bí ld (ètò tó ń so àwọn fáìlì .o pọ̀) bá tún ń kìlọ̀ fún yín nípa `.note.GNU-stack`, ẹ fi ìlà yìí sí ìparí fáìlì, kí kernel má baà jẹ́ kí a lè fi ohun orí stack ṣe kóòdù:

```
section .note.GNU-stack noalloc noexec nowrite progbits
```

---

onikoodu_tuntun:

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ret bá ti fò lọ síbi tí kò yẹ, báwo ni mo ṣe lè mọ function tó ti ṣẹlẹ̀? bt kò fi nǹkan gidi hàn mí.

---

ilopo16:

bt ń gbẹ́kẹ̀ lé stack tó ti bàjẹ́ yẹn, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wo stack fúnra yín: `x/6gx $rsp`. Èyí á fi báìtì 8 mẹ́fà hàn yín láti orí rsp sókè. Nínú àṣìṣe tó wà nínú aropo, ret ti kó rbx àtijọ́, rsp wá bọ́ sórí àdírẹ́sì ìpadà tòótọ́. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí ló ń tọ́ka sínú main. Ẹ tẹ `info symbol` pẹ̀lú nọ́ńbà náà, á dáhùn pẹ̀lú nǹkan bíi `main + 17`. Ẹ wo call tó ṣáájú ibẹ̀. Function tí ó pè ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí àṣìṣe bá jẹ́ push méjì tí a kò pop, ìpadà á jẹ́ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ.

Nígbà mìíràn gdb á dúró sórí ret gan-an. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà tó fẹ́ kó kì í ṣe irú àdírẹ́sì tí CPU 64-bit gbà, rsp kò sì tíì sún. Ẹ wo `[rsp]`, ẹ ó rí nọ́ńbà náà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yin náà lẹ push ẹ́.

Kí ó tó kú, ẹ fi `break aropo` sí i, ẹ tẹ run, lẹ́yìn náà `display/i $pc` àti `display/x $rsp`, kí ẹ wá máa tẹ `stepi`. Ẹ kọ rsp tó wà ní àṣẹ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ret tí nọ́ńbà yẹn yàtọ̀, ẹ ti mú un.

---

baiti_mejo:

Fún ẹni tó bá ń ka èyí lórí Raspberry Pi 64-bit: níbẹ̀ bl kì í fi ìpadà sórí stack, inú x30 ló ń fi í sí. Bí function yín bá pe òmíràn, x30 á nù àfi bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀. Kò sí push. Méjì méjì ni ẹ ó máa kó wọn:

```
stp x29, x30, [sp, #-16]!
...
ldp x29, x30, [sp], #16
ret
```

Bí rẹ́jísítà tí ẹ fẹ́ tọ́jú bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ṣì yọ 16. Bí ẹ bá yọ 8 péré, àṣẹ tó bá tún fi sp ka mẹ́mórì lẹ́yìn ìyẹn ni CPU á dá dúró. Ó yá ju ti x86 lọ: kò ní dúró dìgbà tí movaps kan bá wà nínú libc.